Ọ̀bẹ Àwẹ̀ró àti Bàtà Afẹ̀jẹ̀wẹ̀

Ṣíọ́, ṣíọ́, ṣíọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀bẹ àbúrò mi ṣe máa ń dún lára òkúta ìpọ́nbẹ láàárọ̀, nígbà tí ìrì kò tíì gbẹ lórí ewé kókò. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti kọjá tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Etí mi ọ̀tún ti di, ṣùgbọ́n ohùn ọ̀bẹ yẹn kò gba ojú etí mọ́, inú egungun ló ń gbé. Bí mo bá ti jí, tí orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn ògbólógbòó, òun ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́.

Ẹ̀yin ará Agbójẹ̀ tí ẹ máa ń pagbo yí mi ká lábẹ́ igi odán, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ni mò ń kọ ọ́ sí lónìí. Mo ti sọ ìtàn yìí fún yín ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Ẹ ti fi rẹ́rìn-ín, ẹ ti fi rẹ ọmọ lẹ́kún. Ìyá Mojúbà nìkan, alájàpá tó ń kó iyọ̀ lọ tó ń kó obì bọ̀, ló máa ń jókòó títí gbogbo yín á fi tú ká, tí á sì máa wò mí bí ẹni tó ń wo iṣu tí wọ́n ti jí ìdí rẹ̀ gé. Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, ó ní:

"Bàbá ọdẹ, ìtàn yín yìí kò nírù. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹ ó dé àárín ẹ̀, ẹ ó wá bẹ̀rẹ̀ sí yin ara yín. Ta ló gbé àrùn yẹn wọ ìlú yín gan-an?"

Mo ní oorun ń kùn mí.

Ó ní, "Oorun ọdún mélòó?"

Mo dìde, mo wọlé. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n yin ara mi díẹ̀ ṣáá, nítorí ó lè jẹ́ ìgbẹ̀yìn. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí ọmọ Ọdẹ́ríbigbé ará Ìdí-Ẹmi. Èmi ni ẹkùn ń yà fún lójú ọ̀nà tí á tún bèèrè àlàáfíà ilé. Mo ti na ẹfọ̀n ní pankẹ́rẹ́ rí nítorí pé kò kí mi. Ṣùgbọ́n gbogbo agbára yìí, ìdajì agbára ilé wa ni. Ìdajì yòókù wà lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi. Ilé olóólà ni wọ́n bí ìyá wa sí, ìdílé àwọn tó ń kọlà fún ènìyàn tí wọ́n sì ń sín gbẹ́rẹ́. Nígbà tí ìyá wa fẹ́ kú, èmi ni wọ́n fún ní ìbọn bàbá wa, Àwẹ̀ró ni wọ́n fún ní ọ̀bẹ pẹ̀lú àkọ̀ rẹ̀.

Ẹlẹ́dẹ̀ ni ìlú wa ń sìn. Ọ̀tá ẹlẹ́dẹ̀ sì ni iwin kan tí à ń pè ní Afẹ̀jẹ̀wẹ̀. Kì í bá ènìyàn jà. Ṣùgbọ́n bó bá wọ agbo ẹlẹ́dẹ̀, etí wọn á pọ́n, abẹ́ ikùn wọn á dúdú, kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé èyí tó pọ̀ jù ti di òkú, kò sì sí ewé tó ń gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí ìyá wa ṣì jẹ́ ọmọge, Afẹ̀jẹ̀wẹ̀ ń sọdá odò, atẹ́gùn gbé fìlà rẹ̀ lọ. Ìyá wa he é. Ó sè é fún ọjọ́ mẹ́ta, ó lọ ìdajì rẹ̀ di ẹ̀tù, ó sín gbẹ́rẹ́ sí etí ẹlẹ́dẹ̀ kan, ó sì fi ẹ̀tù náà ra á.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ni àwọn ẹ̀ṣọ́ wà, wọ́n kéré ju èéfín lọ. Ẹni tí wọn kò rí rí, wọn kò mọ bí wọ́n ṣe lè dá a dúró. Fìlà kò lọ́wọ́, kò lẹ́nu, kò lè pa ẹran. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tó bá ti rí fìlà, lọ́jọ́ tí ẹni tó ni ín bá yọjú lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á dìde sí i. Bí Àwẹ̀ró ṣe ń sín gbẹ́rẹ́ fún ẹlẹ́dẹ̀ ìlú wa nìyẹn, láti agbo dé agbo, tó fi jẹ́ pé ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí nìkan ló máa ń ṣẹ́kù láìní gbẹ́rẹ́.

Nígbà tó di ọdún kan, lẹ́yìn ìkórè, ẹlẹ́dẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kú.

Baálẹ̀ ní kí wọ́n mú ìdajì fìlà tó kù wá, kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́, kí wọ́n máa kán ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí i. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ bá mọ fìlà náà, wọ́n á rọ̀ mọ́ ọn, ẹ̀jẹ̀ á dì bí ògì. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀jẹ̀ á ṣàn kọjá. Baálẹ̀ ní èyí tó bá dì ti pàdé Afẹ̀jẹ̀wẹ̀, kí wọ́n pa á kó má baà ran òmíràn. Ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ̀jẹ̀ dì. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ẹ̀jẹ̀ gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ ìlú wa, àfi ti ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ mélòó kan, ló ti dì.

Baálẹ̀ ní, "Àwẹ̀ró, o rí i fúnra rẹ."

Àbúrò mi dáhùn pé, "Ó yẹ kó dì, Baálẹ̀. Èmi ni mo fi fìlà hàn wọ́n. Ẹni tó rí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀ àti ẹni tí ejò bù jẹ, àwọn méjèèjì ló mọ àwọ̀ ejò. Ṣé ẹ máa wá pa àwọn méjèèjì ni?"

Ọkùnrin kan sọ láti ẹ̀yìn pé, "Olè mọ ilẹ̀kùn, onílé mọ ilẹ̀kùn. Ẹ kúkú di àwọn méjèèjì." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Àwẹ̀ró kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ bi ẹ̀jẹ̀. Ẹ wá ìbéèrè kejì."

"Èwo ni ìbéèrè kejì?"

Kò mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Baálẹ̀ kì í ṣe ìkà ènìyàn, ojú rẹ̀ ti wọnú nítorí àìsùn. Ó ní, "Mo fún yín ní oṣù mẹ́ta. Kí oníkálukú so ẹran rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ìbéèrè kejì kò bá dé, gbogbo wọn ni a ó pa. Ọ̀bẹ rẹ, Àwẹ̀ró, a ó gbà á. Àwọn kan ti ń sọ pé ọ̀bẹ yẹn ló gbé àrùn wọlé."

Nígbà tí a délé, àbúrò mi kó okùn bàtà mi wá sọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ máa ń lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò rán yín. Ẹ jẹ́ kí n rán yín lẹ́ẹ̀kan." Mo gbé àpò ọdẹ mi kọ́ èjìká, mo jáde.

Èmi kò ní fi ọ̀nà dá yín lágara. Igbó tí mo kọ́kọ́ dé ni Igbó Ìmí-Ẹ̀dùn, níbi tí gbogbo igi ti jókòó bí ènìyàn, tí wọ́n sì ń mí kanlẹ̀. Iwin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní ẹnu lórí orúnkún, nítorí náà bó bá fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ó gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ sókè bí ajá tó fẹ́ tọ̀. Ó ní, "Ọdẹ, ó ti rẹ̀ ọ́. Jókòó." Mo wo ìdí àwọn igi náà, mo rí i pé ìbọn ló há sáàárín gbòǹgbò kan, agbọ̀n ló há sí òmíràn. Àwọn arìnrìn-àjò tó jókòó ni gbogbo wọn.

Mo ní, "Àárẹ̀ tèmi kì í ṣe ti ìjókòó."

Ó ní, "Áà, o gbọ́ àlọ́ mi kí n tó pa á. Àárẹ̀ wo ni ìjókòó kì í wò?"

Mo ní, "Àárẹ̀ ẹni tí ilé ń retí."

Ó ronú títí, ó pa orúnkún dé. Ó tún ṣí i, ó ní, "Ìdajì nìyẹn. Máa lọ. Nígbà tí o bá darúgbó, wàá mọ ìdajì kejì." Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni mí nígbà náà. Mo fi iwin náà ṣẹ̀sín, mo sáré kọjá bí ẹni tí kò lè darúgbó láé.

Ìlú tí mo dé lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìlú Aláàpá. Kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ tí kò ní àpá. Aṣọ́bodè wọn olójú kan mú ọkùnrin méjì wá síwájú mi, àpá mẹ́ta-mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n gùn bákan náà, wọ́n sì jinná bákan náà. Ó ní, "Olóólà ló kọ ọ̀kan ní kékeré. Ẹkùn ló ha èkejì. Mú ẹni tí ẹkùn ha fún mi. Bí o bá ṣì í mú, o kò ní kúrò níbí."

Mo wò wọ́n títí omi fi bọ́ lójú mi. Kò sí ìyàtọ̀. Mo bi wọ́n bóyá ó dùn wọ́n. Àwọn méjèèjì ní ó dùn wọ́n. Mo bi wọ́n bóyá ẹ̀jẹ̀ jáde. Àwọn méjèèjì ní ó jáde. Mo wá rántí Àwẹ̀ró níwájú Baálẹ̀: ohun tí àwọn méjèèjì mọ̀ ni mò ń bi wọ́n. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ohun tó kọ yín lójú, kí ló wọ̀ sẹ́sẹ̀ nígbà tó ń lọ?"

Èkínní rẹ́rìn-ín. "Ọdẹ, ta ló wo ẹsẹ̀? Orí itan ìyá mi ni mo wà. Ọ̀bẹ ni mo rí, wọ́n sì kán omi ìgbín sí mi lójú."

Èkejì fọwọ́ bo àpá rẹ̀. Ó sọ jẹ́jẹ́ pé, "Kò wọ nǹkan kan. Èékánná rẹ̀ ń ró lórí ewé gbígbẹ."

Mo di í lọ́wọ́ mú. Aṣọ́bodè náà ṣílẹ̀kùn. Ó ní, "Ọdẹ, gbé èyí sọ́wọ́: àpá kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tí àpá mọ̀ ni ẹ̀rí."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìbéèrè kejì. Orí Afẹ̀jẹ̀wẹ̀ ni ìyá wa fi han ẹlẹ́dẹ̀ wa, kò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn wọ́n. Bí mo bá rí awọ bàtà rẹ̀ gé, ẹ̀jẹ̀ tó mọ fìlà ṣùgbọ́n tí kò mọ bàtà, gbẹ́rẹ́ ló kọ́ ọ. Èyí tó mọ fìlà tó tún mọ bàtà, ó ti pàdé oníbàtà lójúkojú.

Mo rìn títí mo fi dé ilé Afẹ̀jẹ̀wẹ̀. Mo ti múra ìjà, mo ti ka gbogbo ọfọ̀ tí bàbá mi kọ́ mi. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ibi tí mo máa ń gbé ohùn sókè nìyí, tí mo máa ń sọ fún yín pé a jà fún ọjọ́ méje, tí igi ń wó, tí odò ń hó. Irọ́ ni. A kò jà. Arúgbó iwin kan ni mo bá níbẹ̀, orí rẹ̀ pá, ọ̀fìnkìn ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ìgbà tí fìlà rẹ̀ ti sọnù, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi gbígbóná. Aránbàtà rẹ̀ jókòó ní ìsàlẹ̀, ó ń lẹ awọ tuntun mọ́ bàtà.

Afẹ̀jẹ̀wẹ̀ gbójú sókè. Ó rí mi, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ẹṣin mi dé."

Mo ní, "Ta ni ẹṣin rẹ?"

"Ta ló tún kù? Ṣé ọdẹ kì í rántí ẹrù tó rù ni? Túùkú tí o pa létí odò Ọ̀yánrin lẹ́yìn ìkórè, ta ló yan án?"

Mo ní èmi ni mo yan án.

"Túùkú ni ẹlẹ́dẹ̀ inú igbó, ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ sì ni. Èmi kì í pa á, òun kì í lé mi. Inú rẹ̀ ni mo sùn sí. O yan án, kò jiná dé egungun. O gbé mi sínú àpò rẹ. Nínú ilé yín, ta ló ń jẹ orí ẹran?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bó ti bi mí ní ìbéèrè yìí, ìbọn mi di iṣu lọ́wọ́ mi. Nílé wa, bí ọdẹ bá pẹran, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ni orí. Kò sí ọdẹ tó ń bèèrè ìdí rẹ̀. Àṣà wa ni. Mo rántí ọjọ́ náà. Mo ju orí túùkú sí iwájú ilé ìdáná, mo kígbe pé, "Olórí ẹran, wá gba tìrẹ." Àwẹ̀ró fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ó sì da omi ìfọ̀ náà sínú ọpọ́n ẹlẹ́dẹ̀, bí gbogbo obìnrin ilé wa ṣe máa ń ṣe, kí oúnjẹ má baà ṣòfò. Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí kò tíì sín gbẹ́rẹ́ fún ló kọ́kọ́ mu ún.

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé.

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀. Aránbàtà ṣa awọ ògbólógbòó kan nílẹ̀, ó jù ú sí mi. Ó ní, "Sè é fún ọjọ́ mẹ́ta kí o tó fi kan ẹ̀jẹ̀. Ẹran tó bá sì jẹ́ pé àná ló pàdé ọ̀gá mi, àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ kò tíì kọ́ nǹkan kan, kò ní jẹ́wọ́. Kí ẹ so ó mọ́lẹ̀ di ọjọ́ mọ́kànlélógún, kí ẹ tún bi í." Ó wo àpò mi. "Má gbé ìyẹn wọlé."

Mo bi Afẹ̀jẹ̀wẹ̀ pé, "Kí ló dé tí o fi jẹ́ kí n mú awọ yìí lọ?"

Ó fọn ikun imú, ó ní, "Mú un lọ. Wọ́n á mọ ẹlẹ́dẹ̀ tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n á bèèrè ẹni tó gbé mi dé, ìwọ kò sì ní sọ. Níbi tí wọn kò bá ti mọ ọ̀nà tí mo gbà wọlé, ọ̀nà yẹn ṣí sílẹ̀ fún mi. Ẹni tí ojú ń tì, ẹṣin tó dára ni."

Mo padà títí mo fi dé ìlú Agbójẹ̀ yìí, tó ku ìrìn ọjọ́ méje kí n délé. Mo jó àpò mi níbí. Mo sè awọ náà, mo fi rán onírajà kan sí Ìdí-Ẹmi, mo sì kọ́ ọ bí wọ́n á ṣe lò ó. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀rù ló ń bà mí, pé Afẹ̀jẹ̀wẹ̀ lè ṣì wà lára aṣọ mi. Òtítọ́ ni fún oṣù kan. Lẹ́yìn oṣù kan, mo ti jó aṣọ pẹ̀lú, mo ti fi eérú wẹ̀. Àpò jóná lọ́jọ́ kan; ìtìjú kò gba iná.

Onírajà náà padà wá, ó ní wọ́n ti kán ẹ̀jẹ̀ sí fìlà, wọ́n ti kán an sí bàtà. Nínú ẹlẹ́dẹ̀ igba ó lé mẹ́rìnlélógún, mọ́kàndínlógún péré ni ẹ̀jẹ̀ wọn dì lórí bàtà. Àwọn yẹn ni wọ́n pa. Lọ́jọ́ kọkànlélógún wọ́n tún bèèrè, méjì sí i. Àwọn yòókù wà láàyè. Mo ń yọ̀, àfi ìgbà tó mú nǹkan kan jáde lábẹ́ agbádá rẹ̀, ó ní àbúrò mi ló fi pàrokò sí mi.

Àkọ̀ ọ̀bẹ ni. Kò sí ọ̀bẹ nínú rẹ̀.

Ó ní, "Wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n ní lóòótọ́ ni gbẹ́rẹ́ kò pa ẹlẹ́dẹ̀, ṣùgbọ́n àrùn kò lè ti ojú ọ̀run já bọ́; bí kì í bá ṣe ọ̀bẹ tó ń ti agbo dé agbo, kí ló gbé e wọlé? Ó ní kí n bi yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dé orísun rẹ̀."

Mo ní kó sọ fún un pé mo kí i.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìyẹn. Àkọ̀ náà wà lórí àjà mi, aáyán ti jẹ etí rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀ ń pè mí ní akọni lábẹ́ igi odán, ó ń wò mí. Èmi tí mo bá ẹkùn kíra, mo ń yẹra fún awọ tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Mo ti wá rí ìdajì kejì àlọ́ iwin olẹ́nu orúnkún: àárẹ̀ tí ìjókòó kì í wò ni ti ẹni tó mọ ohun kan tí kò sọ ọ́. Mo ti jókòó, mo ti dùbúlẹ̀, ó ṣì ń rẹ̀ mí.

Láàárọ̀ yìí, mo mú àkọ̀ náà lọ sílé Ìyá Mojúbà. Ó ń di iyọ̀. Ó ní òun ń gba apá Ìdí-Ẹmi lọ, pé ẹlẹ́dẹ̀ ti ń kú ní òdìkejì odò wọn, àti pé arúgbó obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń bẹ gbogbo àwọn tó ni agbo pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sín gbẹ́rẹ́, wọn kò jẹ́.

Ó wo àkọ̀, ó wo ojú mi. "Bàbá ọdẹ, ṣé ìrù ìtàn yẹn rèé?"

Mo ní òun ni. Mo ní kó má sọ ọ́ fún Àwẹ̀ró ní kọ̀rọ̀, pé iwájú Baálẹ̀ ni kó ti sọ ọ́, níbi tí wọ́n ti gba ọ̀bẹ. Mo ní kó tún un sọ kí n gbọ́. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta, kò fi ọ̀kan pe méjì. Ohun tí mo fi rán an nìyí:

"Ẹ̀yin ará Ìdí-Ẹmi, èmi Ọdẹ́jìnmí ni mo gbé Afẹ̀jẹ̀wẹ̀ wọ ìlú. Inú orí túùkú tí mo yan láìjiná ló wà, nínú àpò mi, omi ìfọ̀ rẹ̀ ló dé inú ọpọ́n. Kì í ṣe ọ̀bẹ. Ẹ má da omi ẹran ìgbẹ́ fún ẹlẹ́dẹ̀ mọ́. Ọwọ́ Àwẹ̀ró mọ́ láti ọjọ́ kìíní, mo mọ̀ ọ́n, mo dákẹ́. Àwẹ̀ró, ọmọ ìyá mi, àkọ̀ rẹ rèé. Gba ọ̀bẹ rẹ, kí o pọ́n ọn."